Ẹ̀rọ Tó Jẹ́rìí Èké Mọ́ Bàbá Àgbà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló gbé ẹ̀rọ náà wọ Ifọ̀. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, nígbà tí ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa kò tíì pọ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ní pálọ̀ bàbá àgbà wa, ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é, ó ní òun rà á nítorí pé gbogbo ẹni táwọn jọ wà nínú ọkọ̀ ló ń rà á. Ó jẹ iyán tán, ó sì padà sójú omi. Ẹ̀rọ náà ní ojú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n kékeré, ó ní bọ́tìnnì bíi ti taipuráítà, ihò kásẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bọ́tìnnì náà. Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń tọ́jú ohun tí èèyàn bá fẹ́ kó rántí. Tí wọ́n bá pa iná rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ nǹkan sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni mo jogún rẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni mí nígbà náà, ọmọge tí ara rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, ilé bàbá tó bí ìyá mi ni mo sì ń gbé nítorí pé ó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Ìwé àlàyé tó bá ẹ̀rọ náà wá, mo kà á bí ẹni ń jẹ àkàrà gbígbóná. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ àṣẹ sí i, tó sì dá mi lóhùn lójú gíláàsì, mo sáré bọ́ sí ojúde, mi ò rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà lè yé. Mo ṣáà sọ ọ́ fún ìyá kan tó ru iṣu kọjá. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó dalẹ́.

Ayò ni mo pinnu láti kọ́ ẹ̀rọ náà. Bàbá àgbà ni ọ̀ta ayò tí gbogbo Ifọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè rìn dé abẹ́ igi tó wà nítòsí ibùdó rélùwéè mọ́, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń ta. Yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, yóò máa fetí sí ariwo wọn láti òkèèrè. Ó máa ń dùn mí. Mo wá to àwọn àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀rọ náà títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ ayò kárí ilé àti bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Nọ́ńbà ló ń hàn nínú ilé kọ̀ọ̀kan lójú gíláàsì dípò ọmọ ayò. Bàbá àgbà ti lọ ilé kéú, ó sì ti lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, kò sí nọ́ńbà tó lè dẹ́rù bà á.

"Kò láriwo," ó ní lẹ́yìn tó ti ta díẹ̀. "Ayò wo lèèyàn ń ta tí kò ní bú ẹnìkejì?"

"Ẹ máa bú u, Bàbá. Kò ní bínú."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó pè é ní òpè, ó pè é ní olórí gíláàsì, ó bi í bóyá wọ́n ń ta ayò nílùú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan, ó pa á. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni bàbá àgbà dìde lórí àga. Níbi tiwa, ẹni tó bá borí ló ń jókòó, ẹni tí wọ́n bá pa ló ń dìde fún ẹlòmíràn. Mo ní kò sí ẹlòmíràn tó ń dúró, kó jókòó kó gbẹ̀san. Ó ní àṣà kì í bojú wo ẹ̀yìn kó tó ṣe tirẹ̀, ó di ọ̀la.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ náà. Tó bá ti kírun Àìlá tán, yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ, yóò ta á títí ẹ̀rọ yóò fi rí i pa, yóò sì dìde. Kò pẹ́ tó fi mọ ọgbọ́n ẹ̀rọ náà, tó jẹ́ pé yóò pa á, yóò tún un pa, yóò tún un pa, kó tó di pé ẹ̀rọ ráyè. Ojú rẹ̀ wá ń dán. Ìyá mi wá kí wa láti Àgbàdo tó ti ń ṣòwò, ó ní ṣé ìyàwó tuntun ni bàbá fẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ kan wà ní Owódé Ẹ̀gbá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn méjèèjì ti ń pa ara wọn láyò láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ta á. Bàbá àgbà ránṣẹ́ sí i pé òun ti ń pa ẹ̀rọ òyìnbó láyò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ padà pé irọ́ ni, pé lọ́jọ́ ọjà Ifọ̀ tó ń bọ̀ òun yóò wá fojú ara òun rí i.

"Tíṣà," bàbá àgbà pè mí, "ṣé ẹ̀rọ yìí lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo pa òun? Tó bá jẹ́ ọwọ́ tèmi ló kọ ọ́, ará Owódé á ní mo gbè sẹ́yìn ara mi."

Mo ní ṣé ìyẹn náà ni nǹkan. Mo fi àwọn àṣẹ mìíràn kún un: tí wọ́n bá ti ta ọ̀kan tán, kí ẹ̀rọ ṣí fáìlì, ìyẹn àyè tó máa kọ nǹkan sí nínú kásẹ́ẹ̀tì, kó kọ èsì sí i, kó pa á dé, kí kásẹ́ẹ̀tì dúró síbi tó bá dé. Tí wọ́n bá ta òmíràn, kó kọ tìyẹn tẹ̀lé e. Mo fúnra mi ta mẹ́ta láti dán an wò. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kí ẹ̀rọ kà á fún mi, èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo jó yí tábìlì ká. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì tuntun sí i fún bàbá àgbà, mo fi bọ́tìnnì tí yóò máa tẹ̀ hàn án, mo sì lọ sílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun pa á, òun pa á, òun tún un pa, kí ẹ̀rọ tó rí ẹyọ kan jẹ. Mo sáré wọlé, bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní kí ẹ̀rọ ka kásẹ́ẹ̀tì. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde lójú gíláàsì, ó ní ẹ̀rọ ló borí, bàbá ló fìdí rẹmi. Kò sí òmíràn.

"Àwọn yòókù dà?" ó bi mí.

"Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa."

Wọn ò sí níbẹ̀. Inú bí mi sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó gba owó tí kò ṣiṣẹ́. Mo kọ́kọ́ fura sí pípa fáìlì dé, nítorí pé ẹ̀rọ náà máa ń kó ọ̀rọ̀ sẹ́nu ná bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà ni, tí wọn ò bá ní kó pa fáìlì dé, ó lè má tu ú sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí ètò náà wò, àṣẹ tó ń pa á dé wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Mo fura sí ìdọ̀tí. Mo rẹ òwú sínú sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu egbò, mo nu orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì títí ó fi ń kọ mọ̀nà, mo fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i. Lọ́jọ́ kejì, ìlà kan ṣoṣo náà ni, bàbá àgbà ló tún fìdí rẹmi. Mo fura sí kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, mo ní ìyá mi ra èyí tó dára jù lọ wá lọ́jà Àgbàdo. Pàbó ló já sí. Mo wá fura sí iná mànàmáná wa tó ń ṣe ségesège. Kò sí ohun tí mi ò fura sí tán, àfi èèyàn.

Ohun tó ń ya mí ní wèrè ni pé tí èmi bá ta á, gbogbo rẹ̀ ń wọlé. Tí mo bá wà nílé ẹ̀kọ́ tí bàbá àgbà ta á, ti ìjákulẹ̀ nìkan ló ń kù. Ẹ̀rọ tó ń yan ohun tó fẹ́ rántí, tó sì jẹ́ pé èyí tí yóò dójú ti àgbàlagbà ló ń yàn, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ jọ oògùn. Mo sọ ọ́ fún ara mi pé mo kàwé, mi ò gbọdọ̀ gba irú èrò yẹn láyè.

Mi ò tíì rí ìdí rẹ̀ tí ọjọ́ ọjà fi pé. Ará Owódé dé tòun ti fìlà abetí-ajá, ó bọ́ sí pálọ̀, ó sì kó àwọn mélòó kan lẹ́yìn láti ìsàlẹ̀ àdúgbò kí wọ́n lè bá a rí i. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń ṣàìsàn, kó jẹ́ kó di ìgbà mìíràn. Ó ní aláìsàn náà a máa sọ̀rọ̀, kí n ní kó ka ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo wo bàbá àgbà. Ó mi orí pé kí n ṣe é.

Ìlà kan ṣoṣo ló jáde.

"Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi," ará Owódé ní, ẹ̀rín ti gbọ̀n ọ́n, "ẹlẹ́rìí rẹ ti já ọ sílẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá àgbà pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ará Owódé kò wá mọ ibi tó yẹ kí eré dé. Ó ní, "Ẹni tó bá lè pa irú irọ́ yìí lórí ayò, tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ààlà ńkọ́?"

Pálọ̀ dákẹ́. Kí ẹ tó lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ ní láti mọ irú èèyàn tí bàbá àgbà jẹ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń rin igbó agbègbè wa, ó mọ ibi tí pèrègún ààlà kọ̀ọ̀kan wà, ó sì mọ ẹni tó gbìn ín. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà ńlá tó gba Ibafo àti Mowe kọjá, tí àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀, ìjà ààlà wá di ojoojúmọ́, òun sì ni wọ́n máa ń wá gbé pé kó wá tọ́ka. Tó bá ti fọ̀pá lélẹ̀ pé ibi ni, ìjà parí. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ohun ìní tó ń fi yangàn.

Ìdílé kan ní Mowe ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá tọ́ka ààlà fún àwọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, ó ní kí n bá òun ránṣẹ́ sí wọn pé òun kò wá mọ́.

"Kí ló dé, Bàbá? Ọ̀rọ̀ àwàdà náà ni?"

"Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ pọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ inú ilé rẹ̀ pè lópùrọ́, kí ló ń wá nídìí ààlà onílẹ̀?"

Mi ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo wọ yàrá mi, mo sunkún ìbínú, mo nu ojú, mo sì jáde pẹ̀lú ìpinnu pé èmi àti ẹ̀rọ náà máa wọ ṣòkòtò kan náà.

Lópin ọ̀sẹ̀, Àgbàdo ni mo máa ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá mi. Lọ́sẹ̀ yẹn mi ò lọ. Nígbà tí bàbá àgbà kírun Àìlá tán lọ́jọ́ Sátidé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ta á bó ṣe máa ń ta á tí mi ò bá sí nílé, kó ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin tó yẹ kó kúnlẹ̀, kó lè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Mo mú àpótí kan, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo la ojú mi sílẹ̀ kedere.

Ó ta á, ó sì pa ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ń kọ èsì rẹ̀. Ó dúró. Ó ti pa fáìlì dé, gbogbo rẹ̀ pé. Bàbá àgbà wá na ìka, jẹ́jẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà, ó ń dún fííí, títí ó fi dé ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dúró gbà.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe? Mo rìwáìnì ẹ̀ ni."

"Èé ṣe?"

Ó yíjú wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ìdí tó fi ń fọwọ́ kó tó jẹun. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nìyẹn, láàárín ọ̀nà? Ṣé a ò kọ́ ọ nílé ni?"

Mo ṣubú lulẹ̀ láti orí àpótí. Ẹ̀rín ni, ẹkún ni, mi ò mọ èyí tó jẹ́. Gbogbo àdúgbò wa ló ń yá ara wọn ní kásẹ́ẹ̀tì wáàsí. Ti ááfà kan lè gba ilé mẹ́wàá kọjá láàárín oṣù kan, òfin rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá gbọ́ ọ tán gbọ́dọ̀ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà kì í dá kásẹ́ẹ̀tì wáàsí padà láàárín ọ̀nà láéláé. Ti inú ẹ̀rọ yìí nìkan ni mi ò kà sí kásẹ́ẹ̀tì gidi. Bàbá àgbà kà á sí kásẹ́ẹ̀tì gidi. Gbogbo ìgbà tó bá borí ló ń fọwọ́ ọmọlúàbí dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, èsì tó bá sì tẹ̀ lé e á wá gun orí ti tẹ́lẹ̀, á pa á rẹ́. Èyí tó bá kẹ́yìn ló ń kù. Èyí tó kẹ́yìn kò sì lè jẹ́ òmíràn ju ìjákulẹ̀ lọ, nítorí tí wọn ò bá tíì pa á, kò ní dìde.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ ilé mi ló ń tú mi fó," ó ní níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ má rìwáìnì ẹ̀ mọ́, ó parí."

"Mi ò lè ṣèlérí yẹn. Ìka mi á ti ṣe é kí n tó rántí. Tíṣà, ìwọ lo kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ayò. Kọ́ ọ níwà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ò mọ ìwà, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀nà rẹ̀ lójijì, ara mi sì gbóná fún ayọ̀. Kí ló dé tí mo fi ń bá àṣà rẹ̀ jà? Mo jókòó lọ́sàn-án yẹn gan-an, mi ò dìde jẹun. Mo tún ètò náà tò. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ ka gbogbo èsì àtẹ̀yìnwá láti ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì, kó gbé wọn sórí, kó sì kọ ọ́ sójú gíláàsì pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìwáìnì." Tí wọ́n bá ta ọ̀kan tán, kó fi èsì tuntun kún ti àtijọ́, kó kọ gbogbo wọn pátá láti ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí, tí ẹni tó ń ta á bá lẹ́kọ̀ọ́, tó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, nǹkan kan kò ní sọnù. Aláìlẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ètò náà kò lè ṣiṣẹ́ fún.

Bàbá àgbà ta á lọ́jọ́ náà, ó ta á lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta mo ní kí ẹ̀rọ ka kásẹ́ẹ̀tì, ìlà ń jáde, ìlà ń jáde, bàbá borí, bàbá borí, ẹ̀rọ borí, bàbá borí. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì bi wá bóyá ejò ló wọlé. Mo ní kí n yọ àwọn ibi tí ẹ̀rọ ti borí kúrò kó lè dùn ún wò.

"O ò gbọdọ̀," bàbá àgbà ní. "Tí mo bá ń tọ́ka ààlà, mo máa ń tọ́ka èyí tó ń dun ará ilé mi pẹ̀lú."

A ránṣẹ́ sí ará Owódé. Ó dé ṣáájú ọjọ́ tí àwọn ará Mowe ń retí bàbá àgbà, ó tún kó àwọn tọjọ́sí wá, nítorí bàbá àgbà ló ní kó kó wọn wá. Mo tan ẹ̀rọ. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa mí kanlẹ̀, ó sì dúró. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ará Owódé yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó fi í padà, ó sún mọ́ ọn. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo rí i tó dúró sí àwọn ibi tí wọ́n ti pa bàbá àgbà, tó tún ń kà á lọ.

"Jẹ́ kí n ta á," ó ní.

Bàbá àgbà yọ̀ǹda àga fún un. Ẹ̀rọ náà kò ṣàánú rẹ̀. Ó pa á débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọmọ kankan jẹ, àwọn tó wà ní pálọ̀ sì ń bú u lórí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́ lórí ayò. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó kọ tòun sílẹ̀. Mo wo bàbá àgbà. Ó ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì yí, ó kọ ọ́, ó dúró.

Ará Owódé yíjú sí bàbá àgbà. "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi," ó ní, gbogbo pálọ̀ sì gbọ́ ọ, "mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Ti ayò, àti ti ààlà. Tí o bá ń lọ sí Mowe, èmi ni n ó bá ọ gbé ọ̀pá."

Bàbá àgbà yí ojú sí ògiri, ó ń wá fìlà rẹ̀ tó wà lórí ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde fún un lórí àga bí àṣà ṣe ní. Nígbà tí ohùn bàbá àgbà máa jáde, àṣẹ ló fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má baà rí omi ojú rẹ̀.

"Má fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o," ó ní.

A ti ń gbọ́ fííí láti inú ẹ̀rọ. Ìka ará Owódé ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

"Mo ti ń rìwáìnì ẹ̀," ó ní. "Àbí o rò pé wọn ò kọ́ èmi nílé ni?"